Àpẹẹrẹ àbí ìṣirò? Ọ̀nà méjì láti yẹ ètò agbaninímọ̀ràn wò

Ká ní ètò kọ̀ǹpútà kan ń gba àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìkòròdú nímọ̀ràn. Òfin kan nínú rẹ̀ ní: bí ẹja bá ń yọ ẹnu sókè láàárọ̀, ẹ pààrọ̀ omi. Òmíràn ní: bí ẹ bá fi oògùn sómi lónìí, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ lè kó ìṣòro tó ti ṣẹlẹ̀ rí fún ètò náà, kí àwọn àgbà ọlọ́sìn ẹja wo ìdáhùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yẹ MYCIN, ètò Yunifásítì Stanford tó ń gba dókítà nímọ̀ràn lórí oògùn àkóràn, wò nìyẹn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1979: aláìsàn 10, àwọn ògbóǹtarìgì sì fún un ní máàkì. Ó rọrùn. Àmọ́ ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ 20 péré ti di ipò 1,048,576. Ta ló fẹ́ dán gbogbo ìyẹn wò?

Ọ̀nà kejì ni ká fi èdè ìṣirò, irú bíi Z, kọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀: ètò náà kò gbọdọ̀ sọ “pààrọ̀” àti “má pààrọ̀” fún adágún kan náà. Ètò ayẹ̀wò á tú òfin wò, á sì fi hàn pé òfin méjèèjì takora bí ẹja bá ń yọ ẹnu nínú omi olóògùn. Iṣẹ́ ọ̀hún le o, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Bí ohun tí àgbà ọlọ́sìn sọ bá sì lòdì látilẹ̀, àṣìṣe yẹn náà ni ìṣirò máa jẹ́rìí sí.

Ní tèmi, òfin tó lè pa ẹja nìkan ni mo máa fi Z kọ. Àpẹẹrẹ tó fún ìyókù.