Àgbéyẹ̀wò Ìwé: Bí Bàbá Huck Ṣe Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Tú Àṣírí Ìkórìíra Rẹ̀

Ẹ̀dà ìwé Adventures of Huckleberry Finn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí jẹ́ àlòkù, tí mo rà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń pàtẹ ìwé ní agbègbè Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré púpọ̀, àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ sì ti ń ya kúrò lára ẹ̀yìn ìwé. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, àwọn àwòrán tí E. W. Kemble yà sí i nígbà tó kọ́kọ́ jáde sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀tanú ṣe máa ń gba ẹnu ènìyàn jáde, kó wá ìwé yìí rà nítorí orí kẹfà rẹ̀ nìkan.

Ọdún 1884 ni ìwé Mark Twain yìí jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1885, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ṣì ń ra ẹrú tí wọ́n ń tà á ní ìpínlẹ̀ Missouri ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Huck, ọmọdékùnrin, ló ń sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, Pap, ọ̀mùtí paraku tó ti pa ọmọ tì, padà wá nítorí owó tó gbọ́ pé ọmọ ní. Ohun tó kọ́kọ́ bí i nínú ni pé ọmọ ti mọ̀wé kà. Ó ní kó ka ìwé kan kí òun gbọ́. Bí ọmọ ṣe ń kà á, Pap gbá ìwé náà dànù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Pap ń bú ìjọba nínú ahéré tó há ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ti yó bìnàkò nílùú, ó ti sun inú gọ́tà mọ́jú, ẹrẹ̀ sì bò ó débi pé Huck ní ènìyàn ìbá pè é ní Ádámù. Ẹni tó wà nírú ipò yìí ló wá ń ròyìn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láti ìpínlẹ̀ Ohio, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ó ní kò sí ṣẹ́ẹ̀tì tó funfun tó ti ọkùnrin náà, fìlà rẹ̀ ń dán, ó ní aago wúrà, orí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ fàdákà; wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni, pé oríṣiríṣi èdè ló ń sọ, pé kò sí ohun tí kò mọ̀, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé orí ìbò yìí ni inú Pap ti ru. Ọjọ́ náà gan-an ni ọjọ́ ìdìbò, òun alára ì bá sì lọ bí ọtí kò bá pa á jù, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ pé ìpínlẹ̀ kan wà tó fàyè gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láti dìbò, ó ní òun kò dìbò mọ́ láéláé. Ó taari ọkùnrin náà kúrò lọ́nà, ó sì bi àwọn èrò pé kí ló dé tí wọn kò lù ú ní gbàǹjo.

Ẹ wo ẹ̀sùn náà dáadáa. Ọkùnrin yìí kò jalè, kò bú ẹnikẹ́ni, kò jẹ Pap ní gbèsè. Gbogbo ohun tí Pap kà sí i lọ́rùn pátá ni àwọn òbí ń fi gbàdúrà fún ọmọ wọn. Twain kò sì dá sí i. Kò sí ibi tó ti sọ fún wa pé ẹ̀tanú nìyí. Ó kàn jẹ́ kí Pap máa sọ ọ́ lọ títí ó fi ré lu àgbá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, tó sì fi ìbínú ta á ní ìpá pẹ̀lú bàtà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta níwájú.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá tó bá ka orí yìí kò lè ṣàì rántí Samuel Ajayi Crowther, tó wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1846. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó tó tẹ ìwé ìròyìn Ìwé Ìròhìn jáde níbí ní 1859, tí oore rẹ̀ sí ìlú yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, wà lára àwọn tó ta kò ó. Nígbà tí Crowther sì gorí oyè ní 1864, wọ́n yọ Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó tó wà níbí kò fẹ́ sìn lábẹ́ ènìyàn dúdú. Wọn kì í ṣe ọ̀mùtí, wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní àìmọ̀wé Pap nìkan ló fa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: ohun tó gún Pap lọ́kàn, pé ènìyàn dúdú ga ju òun lọ, ló gún àwọn náà.

Àléébù wà. Àwọn orí ìkẹyìn, níbi tí Tom Sawyer, ọ̀rẹ́ Huck, ti ń fi ìyà Jim, ẹrú tó sá tí òun àti Huck jọ rìnrìn àjò, ṣeré, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, ó bu iyì ọkùnrin tí ìwé náà ti kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbèríko tí wọ́n fi kọ ọ́ yóò dí ọmọ ilé-ìwé gírámà lọ́wọ́, èébú tí wọ́n ń bú ènìyàn dúdú sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀dà kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011 tí wọ́n ti yọ èébú náà, ṣùgbọ́n èmi kò ní ra ìyẹn fún kíláàsì, nítorí ó ń bo Pap láṣìírí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lò ó, kó wá ẹ̀dà tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí karùn-ún, kó sì ka ọ̀rọ̀ Pap sókè fún àwọn ọmọ kó tó ní kí wọ́n dá a kà fúnra wọn.