Àpótí GPS tó tú àṣírí rédíò mi: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́rin

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rán àmì WSPR (àmì rédíò aláìlágbára tí ibùdó àwọn ẹlòmíràn máa ń gbọ́, tí wọ́n á sì ròyìn) jáde tí ẹnì kan ò gbọ́ mi. Ẹ̀rọ kékeré tí mo fọwọ́ ara mi tò ni, Si5351 (chip tó ń pèsè ìgbì rédíò) pẹ̀lú crystal 25 MHz (òkúta kékeré tó ń gbọ̀n, tí ìgbì náà dúró lé). Mo pààrọ̀ áńtẹ́nà, mo pààrọ̀ wáyà, mo tún gbogbo ojú ìsopọ̀ jó, ó kù díẹ̀ kí n bá ojú ọ̀run jà. Bẹ́ẹ̀, àyè tí WSPR ní lórí ẹ̀ka ìgbì 30 mítà kò ju 200 Hz lọ, láti 10.1401 dé 10.1403 MHz. Mo rò pé àárín rẹ̀ gan-an ni mo wà. Àṣé ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí tí mo ń pariwo.

Ohun tó là mí lójú ni àpótí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. GPSDO ni wọ́n ń pè é: oscillator 10 MHz (ẹ̀rọ tó ń pèsè ìgbì) tí GPS ń darí. Ó kéré débi pé ó wọ àpò ṣòkòtò. Sátẹ́láìtì GPS kọ̀ọ̀kan ló gbé aago átọ́ọ̀mù sínú; àpótí yìí ń gba àkókò lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń fi ṣọ́ crystal tirẹ̀. Bí crystal náà bá fẹ́ yà bàrá, ó fà á padà.

Kí n tó rà á, WWV ni mo gbójú lé, ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń sọ àkókò láti Fort Collins ní Amẹ́ríkà lórí 2.5, 5, 10, 15 àti 20 MHz. Ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn á yí rédíò sí 10 MHz, á wá máa tún oscillator inú rédíò náà ṣe títí ohùn bíi súfèé tí àmì WWV ń dún nínú rẹ̀ á fi rẹlẹ̀, tí yóò sì kú pátápátá. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ohùn kú, mo ní ó ti bọ́ sójú ẹ̀, mo bo rédíò. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi rédíò yẹn kan náà wọn ẹ̀rọ WSPR mi. Afọ́jú ń fa afọ́jú.

Ọjọ́ tí àpótí dé, mo so ó mọ́ wáyà kúkurú kan lẹ́bàá rédíò, mo yí rédíò sí 9.999 MHz lórí USB (apá òkè ìgbì, kì í ṣe ihò kọ̀ǹpútà), mo sì ṣí waterfall, àwòrán tó ń fi ohùn rédíò hàn bí ìlà, lójú kọ̀ǹpútà. Bí rédíò bá ń sọ òtítọ́, orí 1000 Hz ló yẹ kí ìlà náà dúró. Orí 818 ló dúró sí. Mo pa rédíò, mo tún tàn án. 818. Ó fi 182 Hz yà, ìyẹn bí 18 nínú mílíọ̀nù kan, ó sì túmọ̀ sí pé nígbà tí rédíò ń fi 10.1402 hàn mí, 10.140384 ni mo wà ní ti gidi. Irọ́ oṣù mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì ni òtítọ́ fi lé e bá.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí etí fi mí ṣe. Asẹ́ tó wà nínú rédíò mi fún SSB (ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tó ń lo apá kan péré nínú ìgbì) kì í jẹ́ kí ohùn tó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 300 Hz lọ kọjá. Nítorí náà, kó tó di pé ohùn WWV dé òdo, asẹ́ ti gbé e mì. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo gbọ́, mo rò pé òdo ni. Ẹ má fi irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn nǹkan kan láé. Ẹ wo ìlà.

Títún un ṣe náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo mú sukudíráfà onírin, mo yí trimmer, ìdè kékeré tí wọ́n fi ń tún ìgbì rédíò ṣe, díẹ̀díẹ̀, ìlà ń gun òkè bọ̀, ó dé 1000 géérégé. Bí mo ṣe yọ sukudíráfà báyìí, ó fò kúrò níbẹ̀! Irin náà fúnra rẹ̀ ń da crystal láàmú. Mo fi oníke ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Mo wá yíjú sí ẹ̀rọ WSPR. Ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí, mo sì ṣèèṣì mí sí crystal rẹ̀ lórí. Ìlà tẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ tì. Mo tún mí sí i, ó tún tẹ̀. Mo bò ó, mo fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná dáadáa, kí n tó kọ iye àtúnṣe sínú ètò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ibùdó mọ́kànlá gbọ́ mi. Mo jókòó, mo ń ka orúkọ wọn bí ẹni ń ka owó.

Àpótí náà kò pé o. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ máa ń tàn kó tó fìdí múlẹ̀: iná ti tàn, ìlà ṣì ń rákò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wáyà áńtẹ́nà rẹ̀ kúrú, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Ìwé ìlànà rẹ̀, ojú ewé kan péré, kò sọ pé ìgbì onígun mẹ́rin ló ń tú jáde, kì í ṣe ìgbì tó ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́ (sine). Èmi fúnra mi ni mo ń bá ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì àfikún tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń bí, pàdé lórí 30, 50 àti 70 MHz. Mo kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n ti 50 MHz yẹn wá wúlò, torí àṣìṣe yòówù tó wà ní 10 MHz á di ìlọ́po márùn-ún níbẹ̀, ojú á sì tètè rí i.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń fi SSB tàkúrọ̀sọ lórí HF (ìgbì kúkúrú), ẹ má dá owó yín láàmú. WWV tó yín, bí ẹ bá ti ń wo ìlà dípò kí ẹ fetí wọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfúrufú lè fi bíi 1 Hz tì í síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń lo QO-100, sátẹ́láìtì àwọn ham (àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá) tó gòkè ní 2018, ni mo lè sọ fún pé kó rà á láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú LNB (ẹ̀rọ tó ń gba àmì lẹ́nu àwo sátẹ́láìtì) tí ọ̀pọ̀ ń lò, crystal 25 MHz ni wọ́n ń sọ di ìlọ́po 390 kó tó di 9750 MHz. 1 Hz péré tó bá yà nísàlẹ̀, 390 Hz ni lókè. Níbẹ̀, etí kò lè ran èèyàn lọ́wọ́.

Tèmi wà lójú fèrèsé báyìí, bátìrì ló ń gbé e. Ṣájà tó bá a wá ti wà nínú ìdọ̀tí láti ọ̀sẹ̀ kejì: gbogbo 40 mítà mi ló ń fi ariwo bò.