Ṣọ́ọ̀bù tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò sórí fláàṣì n'Ídúmọ̀tà

Bí ẹ bá ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò nílé, ẹ tètè gbé e jáde kí èbu tó jẹ ẹ́ tán. Ṣọ́ọ̀bù kan wà n'Ídúmọ̀tà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láàárín àwọn tó ń tún fóònù ṣe. 7,000 náírà ni wọ́n gbà lórí ọ̀kan. Ó wọ́n, àmọ́ n ò bá wọn jà sí i. Iléeṣẹ́ Funai ti Japan, tó ṣe ẹ̀rọ fídíò yìí kẹ́yìn, ti jáwọ́ lọ́dún 2016. Tòkúnbọ̀ àlòtúnṣe ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ má sì kánjú: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta gbáko ló máa fi yí.

Ọmọkùnrin ibẹ̀ mọṣẹ́. Ó tú ike, ó fi òwú nu èbu funfun etí téèpù, ó fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ kó tó kì í bọ ẹ̀rọ. Ìgbéyàwó àbúrò bàbá mi ní Mushin lọ́dún 1994, tí mo ti gbà pé ó ti bàjẹ́, ló jáde kedere yìí. Àwọ̀ aṣọ ẹbí ti ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ò yẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ó gé e wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo pè é. "Mọ́mì, ẹ má bínú, báyìí làwọn èèyàn ń fẹ́ ẹ, kí wọ́n lè gbé e sí status." Níbi tí ìyá àgbà ti ń ki ọkọ ìyàwó, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mẹ́nu lé ìran bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló já. Àwọn ọmọ mi ò tiẹ̀ fura pé ó ṣẹ́ kù. Gèlè ìyá àgbà ni wọ́n ń yìn.

Láyé ìgbà yẹn, pálọ̀ kan náà ni gbogbo wa ti wò ó, títí kan àwọn ará ilé kejì. Bí ojú kan bá yọ, àgbàlagbà kan á ní, "Ìyẹn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ṣé ẹ ti kí i?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdajì mọ̀lẹ́bí mi. Lónìí, kálukú ló ń dá tiẹ̀ wò.

Àmọ́ kí n má parọ́: nígbà tí ọmọ mi jù ú sórí WhatsApp ẹbí, ẹnìkan ní Kánádà béèrè pé ta nìyá yẹn. Àǹtí mi ní Agége fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n ki oríkì náà délẹ̀, wọ́n tún bú wa pé a ò mọ̀ ọ́n.

Ṣọ́ọ̀bù náà tún odidi rẹ̀ gbé fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ "odidi" gàdàgbà sára páálí kásẹ́ẹ̀tì yín, kẹ́ ẹ sì mú fláàṣì tiyín dání. Owó lórí tiwọn ti pọ̀ jù.