Dísẹ́ẹ̀lì tàbí bẹntiróòlù fún fífa ilé àfàlẹ́yìn: ohun tí òkè Colorado àti omi DEF fi hàn mí

Iná kan lórí dáṣíbọọ̀dù ló mú mi jókòó kọ èyí. Láàárín Raton ní New Mexico àti Trinidad ní Colorado, níbi tí ọ̀nà I-25 ti gun òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7,834, ọkọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé omi DEF inú òun (omi yúríà tí ọkọ̀ fi ń fọ èéfín dísẹ́ẹ̀lì mọ́) kò dára, àti pé bí òun bá ti rin máìlì 150 sí i, òun kò ní lè sáré ju máìlì 5 ní wákàtí kan lọ. Máìlì márùn-ún! Ilé àfàlẹ́yìn, ìyẹn ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 8,600 ń bẹ lẹ́yìn, èèyàn mẹ́rin wà nínú ọkọ̀, Houston sì ti jìnnà. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan o. Ooru rẹ̀ wà níbi tó yẹ, ọ́ìlì rẹ̀ pé, ó ń fà bí erin. Kọ̀ǹpútà ló ní ó tó gẹ́ẹ́.

Píkọ́ọ̀pù ńlá ni ọkọ̀ náà, dísẹ́ẹ̀lì lítà 6.7. N kò ní ka gbogbo agbára tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ fún yín, ẹ ti rí i níbi gbogbo. Ohun tí ìwé kì í sọ ni mo fẹ́ sọ.

Àwa tí a mọ dísẹ́ẹ̀lì láti Nàìjíríà, agbégilódò Mercedes 911 ló wà lójú wa: ọkọ̀ tí mẹkáníìkì lè tú palẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí á sì tún gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi ojú yẹn wo dísẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà ti òní. Láti ìgbà tí òfin èéfín ti le sí i ní 2007 àti 2010, wọ́n ti so asẹ́ tó ń gba ẹ̀rú èéfín, ìyẹn DPF, mọ́ sàláńsà, wọ́n sì fi táǹkì DEF kún un. DEF kì í ṣe epo. Yúríà 32.5% ni àti omi tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, 67.5%. Ọkọ̀ ń fọ́n ọn sínú sàláńsà kí èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní NOx lè di náítírójìn àti omi lásán kó tó jáde. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti ní yúríà náà kò tó, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ọkọ̀ kù, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ le bí òkúta.

A fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wa ọkọ̀ dé Pueblo, máìlì bí 85 sí Trinidad. Ọkùnrin tó ń gba ọkọ̀ wọlé níbi àtúnṣe kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, “Ẹ lọ rọ DEF kún un.” Mo ní ó kún. Ó ní, “Sẹ́ńsọ̀ ni nígbà náà.” Ó tẹ kọ̀ǹpútà díẹ̀, ó ní sẹ́ńsọ̀ yóò gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó dé, àti pé dọ́là 195 ni a ó san kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo bi í pé wàráńtì èéfín tí ìjọba àpapọ̀ sọ di dandan ńkọ́. Ó ní ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni òun mọ̀. Kò tíì fojú kan ọkọ̀, kò tíì ka kóòdù àṣìṣe kankan nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ó sì ti ní kí a wá ilé ìtura fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Inú bí mi gan-an níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìwà yìí wọ́pọ̀: wọ́n ń fi pààrọ̀-pààrọ̀ dípò àyẹ̀wò.

Ẹni tó gbà wá sílẹ̀ ni mẹkáníìkì obìnrin kan tó gbọ́ ohùn wa láti inú. Ó fi páìpù tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú DEF náà jáde, ó kán ẹ̀kán méjì sórí refractometer, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré kan tí èèyàn ń fojú kan wò bí awò, ó sì gbé e fún mi kí n fi ojú ara mi rí i. Ilà dúró sí 24. Ó yẹ kó wà ní 32.5. Ó ní, “Sẹ́ńsọ̀ yín kò bà jẹ́. Òótọ́ ló ń sọ. Ẹnì kan ti bu omi sí i.”

Mo yọ rìsíìtì jáde. Ọ̀sẹ̀ kan kí a tó kúrò ní Houston, ibi kan tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ti rọ DEF gálọ́ọ̀nù márùn-ún fún wa. Obìnrin yìí ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń bu omi rádíétọ̀ ni wọ́n tún fi rọ DEF. Ó fa gbogbo táǹkì náà gbẹ, ó fi omi tí a ti sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì (ó tẹnu mọ́ ọn pé omi ẹ̀rọ ilé kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí káṣíọ̀mù inú rẹ̀ ń ba kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàláńsà, jẹ́), ó rọ DEF tuntun, ó fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò pa kóòdù rẹ́, ó sì jókòó tì mí fún ogójì ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà márosẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi gbà pé sàláńsà ti mọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 412. Wàráńtì kò san án, kò sì yẹ kó san án, nítorí ọkọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi.

Mo pe Houston. Ìgbà àkọ́kọ́, máníjà ní DEF ni DEF, kò sí èyí tó yàtọ̀. Ìgbà kejì, mo fi àwòrán ilà 24 náà àti rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní òun ó bi àwọn ọmọ iṣẹ́ òun. Ìgbà kẹta, òun ló pè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó sì dá dọ́là 412 padà. Kò dá owó ọ́ìlì padà, n kò sì bèèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pa ni mo fi ń rọ DEF fúnra mi, mo sì ń wo déètì ara rẹ̀. DEF kò fẹ́ ooru tó ju 86°F lọ. Gáréèjì Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á bà á jẹ́ kó tó pé ọdún. Òtútù kò pa á lára ní tirẹ̀. Ó ń dì ní 12°F, ṣùgbọ́n táǹkì ní ohun tó ń yọ́ ọ.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ ó rò pé mo kórìíra dísẹ́ẹ̀lì. Ní ọjọ́ kejì, a gun I-70 láti Denver lọ sí ọ̀nà abẹ́ òkè Eisenhower, níbi tí títì ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 11,158. Mo ti fi bẹntiróòlù fa ilé kan náà gba ibẹ̀ rí, V8 lítà 7.3 ti Ford, ẹ́ńjìnnì tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ń pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tó bá gùn, torí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Dé òkè yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ. Ó gùn ún, ṣùgbọ́n ní jíà kejì àti ìkẹta ni, ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 4,500 sí 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa, eré wa kò ju máìlì 40 lọ. Kò sí ohun tó bà jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, 4,000 ni agbára ìfà rẹ̀ tó pọ̀ jù wà. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń bẹ̀rù tó sì ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Dísẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ gùn ún ní máìlì 60, ẹ́ńjìnnì rọra ń yí ní nǹkan bí 2,200, tọ́bò ń fún un ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló tiẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù. Lápá ìwọ̀-oòrùn, títì dà gẹ̀rẹ̀ ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí Silverthorne, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ fún ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá já. Mo tẹ bíréèkì sàláńsà, tọ́bò pa ara rẹ̀ dé díẹ̀, èéfín di ohun tó ń ti ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì dúró ní máìlì 50 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹsẹ̀ mi kan bíréèkì. Nínú bẹntiróòlù, jíà kejì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ń ṣe é dé àyè kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì ló kù, òórùn rẹ̀ á sì kọ́kọ́ sọ fún yín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa títí eré á fi fi máìlì 10 dín, kí ẹ jù ú sílẹ̀ kó tutù.

Ọ̀rọ̀ owó wá. Rírìn 2,200 máìlì pẹ̀lú ẹrù yìí, bẹntiróòlù ń rin bí máìlì 8 lórí gálọ́ọ̀nù kan, dísẹ́ẹ̀lì bí 11. Ìyẹn jẹ́ gálọ́ọ̀nù 275 sí 200. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ dọ́là 3 tí dísẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ 3.70, 825 sí 740 ni: a jèrè dọ́là 85, kí a tó yọ DEF tí yóò gbà, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà. Dísẹ́ẹ̀lì sì fi nǹkan bí dọ́là 10,000 wọ́n jù nígbà tí a ń rà á. Ẹ ṣírò rẹ̀: irú ìrìn àjò yìí ní láti ju 117 lọ kí owó náà tó padà wọlé. Ẹ fi ọ́ìlì kún un, kúọ̀tì 13 dípò 8, àti asẹ́ epo méjì tí bẹntiróòlù kò ní. Ẹni tó bá ní torí owó epo lòun ṣe ń ra dísẹ́ẹ̀lì kò tíì mú bírò.

Èyí tó ń pa dísẹ́ẹ̀lì jù ni ìrìn kúkúrú. Máìlì mẹ́ta lọ síbi iṣẹ́, mẹ́ta bọ̀: sàláńsà kò ní gbóná tó láti jó ẹ̀rú tó wà nínú DPF. Yóò máa kún. Bí ẹ bá rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbi tó dúró, tí fáànù ń hó, tí òórùn gbígbóná ń jáde, ó ń jó o lọ́wọ́ ni. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà márosẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń pa á ní gbogbo ìgbà yóò ra DPF tuntun, owó ńlá ni.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún wa, nítorí ohun tó sọ léwu. Ó ní ó lè fa pọ́ùn 20,000, nítorí náà ilé àfàlẹ́yìn irú èyíkéyìí ni ká so mọ́ ọn. Irọ́ ni. Ìwé kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ ló ń sọ òótọ́: gbogbo èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ wa kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 2,096 lọ. Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ wúwo, ó sì ti jẹ nínú rẹ̀. Orí ìkọ́ ilé wa ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní pọ́ùn 1,118, ìyẹn ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ilé náà. Èèyàn mẹ́rin jẹ́ 640, ìkọ́ 100, irinṣẹ́ 150. Pọ́ùn 88 ló kù. Ilé ńlá tí orí rẹ̀ ń gun àárín píkọ́ọ̀pù, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 12,000, yóò tẹ̀ ẹ́ ní bí 2,640. Kò gbà á, dísẹ́ẹ̀lì tàbí kí ni. Bẹntiróòlù irú ọkọ̀ kan náà máa ń gbé ẹrù jù ú lọ. Ẹ gbé ọkọ̀ àti ilé lọ sórí òṣùwọ̀n CAT níbi tí àwọn tírélà ti ń sinmi, táyà iwájú lórí pèpéle kìíní, ti ẹ̀yìn lórí ìkejì, ilé lórí ìkẹta, kí ẹ fi ìwé tí wọ́n fún yín wé ti ẹnu ilẹ̀kùn.

Ní ti ọkọ̀-ilé fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní motorhome, ìpinnu rọrùn díẹ̀. Ti bẹntiróòlù, orí férémù Ford F-53 ló pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì wà níwájú lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, ariwo rẹ̀ á bá yín gun òkè. Ti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, afẹ́fẹ́ ló ń tẹ bíréèkì rẹ̀, ó ń rìn bí ìgbà tí èèyàn jókòó sí pálọ̀. Bí ẹ bá ń fa ọkọ̀ kékeré tó ju pọ́ùn 5,000 lọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo ìkọ́ dáadáa, torí ti bẹntiróòlù mìíràn kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí yóò jókòó sílẹ̀ oṣù mẹ́jọ lọ́dún, bẹntiróòlù ni kí ẹ rà: oògùn tí kì í jẹ́ kí epo ṣá, jẹnẹrétọ̀ wákàtí méjì lóṣooṣù pẹ̀lú ẹrù tó tó ìlàjì agbára rẹ̀, ó parí. Dísẹ́ẹ̀lì tó jókòó ń kó omi jọ, kòkòrò á sì hù sínú epo náà.

Ẹni tó bá sì ń fa ẹrù ńlá lóṣooṣù, tó ń gun òkè, tó ń rìn jìnnà, dísẹ́ẹ̀lì ni tirẹ̀. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni. Nínú ìṣirò, bẹntiróòlù ló yẹ wá.

Máàkì tí mo fún ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì wa yìí: 9 nínú 10. Ẹyọ kan tí mo yọ jẹ́ ti ihò DEF tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ihò dísẹ́ẹ̀lì gan-an. Ẹnu páǹpù dísẹ́ẹ̀lì kò lè wọ ihò DEF, ṣùgbọ́n ti DEF tín-ín-rín, ó ń wọ ihò dísẹ́ẹ̀lì wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ kan ọkọ̀ náà rárá. Ẹ pe ẹni tí yóò fà á lọ, kí wọ́n fa táǹkì gbẹ kí páǹpù tó tọ́ ọ wò.