Eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: oṣù mẹ́fà Àjàní ní jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Kubwa

Jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí, ilé ló ń rò, kò ro ọmọ. Èmi náà, ilé ni mo ń rò. Àjàní pé ọmọ ọdún mẹ́ta, èmi sì gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní Wuse kí aago mẹ́jọ tó lù. Ibẹ̀ ló súnmọ́ wa jù, ibẹ̀ ni mo lọ.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ABC lára ògiri ni mò ń wá. Abọ́ omi ńlá méjì ni mo rí, yanrìn nínú táyà àlòkù, àti ṣẹ́ẹ̀fù tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Mo ní, "Mà, ṣé eré nìkan ni?" Ìyá tó ni ilé-ìwé rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó.

Ọmọbìnrin kékeré kan ń da omi láti inú ife ńlá sínú ife kékeré. Omi kún, ó dà sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ife náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dáwọ́ dúró kí omi tó dé etí ife. Àǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò la ẹnu. Ọjọ́ yẹn náà ni mo sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: pátákó Montessori ti pọ̀ jù l'Abuja. Dókítà obìnrin ará Ítálì ni Maria Montessori. Ní 1907 ló ṣí ilé àkọ́kọ́ fún ọmọ àwọn mẹ̀kúnnù ní San Lorenzo, ní Róòmù, tó ń fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, kí àga àti tábìlì sì bá gíga rẹ̀ mu. Mo ti wọ ibi tí orúkọ rẹ̀ wà lára géètì, tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ò kanlẹ̀. Ibi tí mò ń sọ yìí ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára géètì.

Kí Àjàní tó débẹ̀, ó máa ń ka ení, èjì dé ẹ̀wá bí ẹni ń kọrin, àmọ́ bí mo bá ní kó mú ìṣáná mẹ́rin wá, ẹ̀kúnwọ́ ni yóò bù. Ìdérí mínírà ni wọ́n fi là á lójú. Ó ń fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, bó bá sì fo ọ̀kan, yóò padà sídìí rẹ̀. Wọ́n tún ń jẹ́ kí wọ́n po ìyẹ̀fun, kí wọ́n fi mọ ejò àti àkàrà. Ìka tó ń tẹ ìyẹ̀fun yẹn náà ni yóò di pẹ́ńsù mú lọ́la. Hausa tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju tèmi lọ.

Ìyá ọkọ mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Ṣé eré lẹ̀ ń sanwó fún? Ọ̀fẹ́ la ṣe bojúbojú tiwa." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Nínú ooru oṣù kẹrin, mò ń wẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ojú eyín léjìká rẹ̀, ó ti wú. Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní eré ọmọdé ni. Kì í ṣe gígéjẹ ló bí mi nínú. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ò tíì lè ro ẹjọ́, eyín ni yóò fi rò ó. Àmọ́ ọmọ méjìdínlógún, àǹtí méjì: bí ọ̀kan bá mú ọmọ lọ sí ilé ìtọ̀, ta ló kù tó ń wo ìyókù? Mo sọ̀rọ̀ tó le. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ra ìwé kan tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n mú àǹtí kẹta wá.

Bí iná bá lọ, yàrá wọn gbóná. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Kubwa bá sì dá yín dúró, ẹ óò san owó ìdádúró, wọn kì í ṣàánú.

Mo ti san ìdajì owó táàmù tó ń bọ̀. Èjìká rẹ̀, mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò lálaalẹ́.