JSS1 ní Yàbá: Queen's College, Igbobi, àbí ilé-ìwé ìjọba Èkó ní Sábó?

Bí ọmọ bá ti dé Primary 6, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nílé nìyẹn. Bàbá dárúkọ ilé-ìwé kan, ìyá dárúkọ òmíràn, àǹtí tó wà ní Ṣúrúlérè náà ní tirẹ̀. Àwa tí à ń gbé Yàbá, Èbúté Mẹ́ta, Àkọ́kà títí dé Ṣómólú, àwọn ilé-ìwé olórúkọ ńlá ló yí wa ká, orúkọ yẹn náà ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ló ni ilé-ìwé. Ẹni tó ni ín ló ń pinnu ìdánwò tí ọmọ máa fi wọlé, iye tí ẹ máa san, àti ẹni tí yóò san owó WAEC bó bá di SS3.

Ẹ jẹ́ ká yọ Igbobi College kúrò ná, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ṣì rò pé ti ìjọba ni. Ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀ ní 1932, fún ọmọkùnrin nìkan. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà kan, àwọn bàbá tó kàwé níbẹ̀ láyé Jákándè kò sì san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2001, nígbà tí Bola Tinubu jẹ́ gómìnà, ìjọba Èkó dá a padà fún àwọn ìjọ tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni CMS Grammar School ní Bàrígà àti Baptist Academy ní Ọbáníkòró. Wọ́n dáa o, ṣùgbọ́n owó ni ẹ ó san níbẹ̀ bíi ti ilé-ìwé aládàáni èyíkéyìí. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kó má jókòó dúró síbẹ̀.

Queen's College wá ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, láti 1927 ló ti wà, ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n ń gbà. (Ẹni tó bí ọkùnrin lè wo King's College ní Erékùṣù Èkó, ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé.) Common Entrance tí NECO ń ṣe ni ọmọ máa fi wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 10 ó kéré tán. Ibi tó ti ń dùn wá ni ti máàkì. Ìpínlẹ̀ abínibí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Nínú àtẹ máàkì ìgbawọlé sí àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, tó dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri ní 2013, ọmọ Èkó gbọ́dọ̀ gba 133 ó kéré tán, ọmọ Ògùn 131, ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun 127, ọmọ Èkìtì 119, nígbà tí ọmọkùnrin Yobe lè fi 2 wọlé. Nítorí náà, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Èkó tí wọ́n jọ ń gbé ojú pópó kan náà ní Yàbá, ọ̀tọ̀ ni òkè tí kálukú wọn máa gùn. Ẹ tètè lọ gba ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba ọmọ wọlé. Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ tó bá gba máàkì yẹn kò tíì wọ Queen's College dandan. Èrò pọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti owó, ìjọba àpapọ̀ gbé owó tí ọmọ tuntun tó ń gbé hostẹ́ẹ̀lì máa san ní táàmù kan láti ₦45,000 lọ sí ₦100,000 ní 2023. Ẹ fi páànù, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, gaàrí, mílíìkì àti owó ìbẹ̀wò kún un. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù níbẹ̀ ni ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ ọdún 10 tí kò tíì lè fọ aṣọ ara rẹ̀ máa rí i lára. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló yẹ kí wọ́n tètè kó lọ sí hostẹ́ẹ̀lì.

Àwọn ti ìjọba Èkó ni wọ́n ń fojú di jù, àwọn ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. Ní Sábó, ilé-ìwé Birrel Avenue wà níbẹ̀, Herbert Macaulay Girls náà wà níbẹ̀. Ìdánwò placement ni ọmọ máa ṣe, ì báà jẹ́ ilé-ìwé aládàáni ló ti kàwé, ìjọba á sì pín in sí ilé-ìwé kan. Kò sí owó ilé-ìwé, bó bá sì di SS3, ìjọba Èkó ló máa ń san owó WAEC rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn òbí kì í fiyè sí: ọgbà kan, ọ̀gá méjì. Junior ní pírínsípà tirẹ̀, Senior ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní "ilé-ìwé yẹn ń pa WAEC", Senior ni wọ́n ń yìn. Ọmọ yín kò sì ní í dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó lo ọdún mẹ́ta ní Junior.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí Junior ṣe rí, ẹ bẹ ọmọ àdúgbò yín tó wà ní JSS2 níbẹ̀ pé kó mú ìwé Basic Science rẹ̀ wá. Ẹ má ka ohun tó kọ, déètì òkè ojú ewé ni kẹ́ ẹ wò. Bí déètì bá fo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí tíṣà má sí. Bí déètì bá pé ṣùgbọ́n tí kò sí gègé pupa níbì kankan, tíṣà wà, àmọ́ èrò inú kíláàsì ti pọ̀ ju ohun tó lè máàkì lọ. Ẹ béèrè ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, pàápàá bí ọmọ bá jẹ́ obìnrin. Ọmọ máa sọ òtítọ́ fún yín, pírínsípà lè má sọ ọ́.

Ọ̀nà náà ṣe pàtàkì. Ọmọ tó ń ti Àkọ́kà bọ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹni tó wà ní Agége tàbí Ìjú ní tirẹ̀ ní rélùwéè Red Line tó ń dúró ní Yàbá, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ronú ẹni tó máa mú un sọdá títì.

Ẹni tó fẹ́ hostẹ́ẹ̀lì ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Èkó ní àwọn Model College, bíi Meiran, Igbókúta àti Kankon. Ìdánwò wọn yàtọ̀ sí placement, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn ní Yàbá.

Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, tí kò bá tíì pé ọdún 11, tí déètì inú ìwé ọmọ àdúgbò sì dáa, Sábó ni màá mú. Ẹ ṣáà gba fọ́ọ̀mù méjèèjì. Common Entrance kò dí placement lọ́wọ́, bí orúkọ ọmọ kò bá sì jáde ní Queen's College, àyè rẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba Èkó ṣì wà níbẹ̀.