Mùsíọ́mù bésíbọ́ọ̀lù ní Kansas City, ẹ tìtorí Buck O'Neil lọ síbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀nà yín bá gba Kansas City, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà sí Negro Leagues Baseball Museum, mùsíọ́mù líìgì bésíbọ́ọ̀lù àwọn èèyàn dúdú, ní 18th and Vine. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa bésíbọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ o, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ọmọ mi tó ń gbá a níléèwé ló fà mí lọ, àmọ́ nígbà tó yá èmi gan-an ni mi ò fẹ́ jáde mọ́.

Bẹ́ ẹ bá ṣe wọlé lẹ máa rí pápá kan tí ère idẹ àwọn ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù dúdú kún inú ẹ̀, wọ́n ga bí èèyàn gidi, Satchel Paige ń ju bọ́ọ̀lù, Josh Gibson lóṣòó ó ń dúró dè é. Ọmọ mi ti fẹ́ sáré wọ̀ ọ́, àṣé wáyà ni wọ́n fi dí i, irú wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ. Àfi kẹ́ ẹ rìn yí gbogbo inú ilé ká, kẹ́ ẹ rí gbogbo ohun tójú àwọn èèyàn dúdú rí nígbà táwọn òyìnbó lé wọn sẹ́yìn, títí kan bí Rube Foster ṣe dá líìgì tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1920 ní YMCA tí ò jìnnà síbẹ̀, kí ọ̀nà tó já sí pápá. Ère Buck O'Neil sì wà níbi wáyà yẹn, òun náà ń wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láti ìta.

Baba yẹn ló mú mi lọ́kàn jù. Florida ni wọ́n bí i sí ní 1911, ó ṣiṣẹ́ lóko nígbà tó wà lọ́mọdé, iléèwé girama tó wà nílùú wọn ò gba aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ ó di ọ̀gá níbi first base, ìyẹn ipò kan lórí pápá, fún ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú Kansas City Monarchs, ó sì di mánéjà wọn. Ní 1962 ẹgbẹ́ Chicago Cubs fi í ṣe kóòṣì, kò sí èèyàn dúdú tó ṣe é rí ní líìgì ńlá. Mùsíọ́mù yìí náà, nígbà tó ṣì jẹ́ yàrá kékeré kan, òun àtàwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pín rẹ́ǹtì san.

Ibi tí mo ti sunkún rèé: ní 2006 wọ́n mú èèyàn 17 láti líìgì aláwọ̀ dúdú wọ Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fáwọn àgbà bésíbọ́ọ̀lù, wọn ò mú un, ó sì gbéra lọ sí Cooperstown, ìlú tí ilé náà wà, lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ náà, tayọ̀tayọ̀, ó tún ní kí gbogbo èrò kọrin. Oṣù October ọdún yẹn ló kú, ẹni ọdún 94. 2022 ni wọ́n tó mú un.

Ẹ fún un ní wákàtí méjì ó kéré tán, mùsíọ́mù jáàsì wà nínú ilé kan náà.

Nígbà tá a débi pápá, ọmọ mi fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́ Gibson, ló bá wẹ̀yìn, "Mọ́mì, kí ló dé tí Bàbá yẹn ò wọlé?" Ó padà lọ dúró tì í níbi wáyà, ó ní kí n ya àwọn méjèèjì ní fọ́tò.